Mo Fi Àwòrán Àlhájà Sílẹ̀ Lábẹ́ Ìkéde Òkú

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é, pé update ló ba blog ẹgbẹ́ wa jẹ́, èmi náà sì ń bá wọn sọ bẹ́ẹ̀… irọ́ ni. Update ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èmi ni mo parí ẹ̀. Ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ síwájú: mi ò fẹ́ràn obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, títí di òní mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí nítorí ìyẹn, kó kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀.

Johannesburg ni mò ń gbé, Turffontein nilé wa, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Rosettenville. Àwa Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí níbí ní ẹgbẹ́ àṣàlátù tiwa, gbogbo àárọ̀ Sunday la máa ń pàdé. Èmi ni mo ṣí blog fún ẹgbẹ́, èmi nìkan ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ẹni tó bímọ, ẹni tó so yìgì, ẹni tó kú, ibẹ̀ la máa ń gbé e sí, àwọn ará ilé ní Nàìjíríà gan-an ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbúròó wa. Ẹ sì mọ àwa èèyàn wa, a kì í ka ọ̀rọ̀, àwòrán là ń wò. Bí ojú ẹnì kan bá ti wà lábẹ́ "Innā lillāhi", ó tán, olúwarẹ̀ ti kú nìyẹn.

Obìnrin náà, ẹ máa pè é ní Àlhájà, bó ṣe fẹ́ kí gbogbo wa máa pe òun nìyẹn láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. A ò bára tan, ṣùgbọ́n mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, àbúrò ló jẹ́ sí mi. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, inú yàrá tí a ń gbé ní Hillbrow nígbà yẹn ló sùn sí, oṣù mẹ́jọ gbáko, abọ́ tí mo fi ń jẹun ló fi ń jẹ. Ó wá di èèyàn, ó ń ta ìpara àti irun, ọjà ẹ̀ ń tà… ìyẹn ò dùn mí o, Ọlọ́run ló ń fún èèyàn. Ohun tó dùn mí ni pé lọ́dún tó kọjá ìyá mi kú, ìwé ìgbélùú mi sì wà lọ́dọ̀ ìjọba tí wọn ò tíì fún mi. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́, ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi á wà níbí. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi wọ sàréè. Ṣé ẹ mọ ohun tí Àlhájà sọ? Láàárín àṣàlátù, nígbà tí ààfáà ní ká ṣe àdúà fún ìyá mi, ó ní ọmọ tí kò lọ sin ìyá ẹ̀ nítorí Johannesburg, àdúà wo ló tún ń wá? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín o! Lórí ìyá mi! Mo ká ẹní ìkírun mi, mo jáde, mo dúró sídìí robot, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì, taxi ń kọjá, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ wọ̀. Kò bẹ̀ mí rí láti ọjọ́ yẹn. Ó ṣe bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọjọ́ Alámísì kan báyìí, mo ṣí blog ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní update wà, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó parí… yéè! Gbogbo àwòrán ti kúrò nípò wọn. Èyí tí mo tò sọ́wọ́ òsì ti lọ sáàárín, èyí tó wà lápá ọ̀tún ti gun orí ọ̀rọ̀, ojú ìyàwó kan bo orúkọ ọkọ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé fóònù mi ni. Mo fọ cache, ìyẹn ohun àtijọ́ tí fóònù tọ́jú pamọ́, mo fi kọ̀ǹpútà wò ó, bákan náà ni. Mo dá theme àtijọ́ padà, kí ojú blog lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kò gbà. Ìgbà tí mo ṣí inú code ni mo tó rí i: àwọn ìlà tí mo fọwọ́ ara mi kọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó ń mú kí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró sínú ìkéde tiẹ̀, update ti pa wọ́n rẹ́. Bí àwòrán bá ti gùn ju ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ, ṣe ló ń já wọnú ìkéde tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kò le rárá. Ìlà kan ṣoṣo ni mo máa kọ sídìí ìkéde kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mò ń tún wọn ṣe bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lókè pátápátá ni ìkéde kú oríire tí ẹgbẹ́ ní kí n ṣe fún Àlhájà, torí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọ̀rọ̀ ìlà méjì, àwòrán gàgàrà. Ìkéde ikú bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa ló tẹ̀ lé e. Àwòrán Àlhájà ti já wálẹ̀, ó dúró gbọnin lábẹ́ "Innā lillāhi", ó ti àwòrán bàbá yẹn lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Mo wò ó. Mo tún un wò. Mo bú sẹ́rìn-ín… èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ rèé. Mo tún gbogbo yòókù ṣe, mo fi ìyẹn sílẹ̀. Mo mọ ibi tí ìlà náà yẹ kó wà, kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Mo ní kó fojú ara ẹ̀ rí i. Mo ní kí wọ́n fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọjọ́ kan bí wọ́n ṣe fi mí ṣe. Ṣé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú ni? Rárá! Ṣé mo rántí opó bàbá yẹn, tó máa ṣí ibẹ̀ tí kò ní rí ojú ọkọ ẹ̀? Mi ò rántí ẹ̀ rárá. Ọkọ mi rí i nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní, "Eish, Ìyá Rofi, kí ni Àlhájà ń wá lábẹ́ ìkéde òkú? Tún un ṣe kíá." Mo ní mò ń wá ohun tó bàjẹ́, mi ò tíì rí i. Ó gbà mí gbọ́, kò kúkú mọ nǹkan kan nípa code.

Kó tó di àárọ̀ Jímọ̀, ẹnì kan ti ya screenshot ẹ̀, ó ti dé orí WhatsApp àwọn mọ̀lẹ́bí Àlhájà ní Ìwó. Ẹni tó gbé fóònù lọ bá ìyá ẹ̀ ò ka nǹkan kan, àwòrán ló rí, òun náà ti ń sunkún. Wọ́n ní ìyá náà pe orúkọ ọmọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ṣubú. Apá ọ̀tún ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́, ẹnu ẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀ la gbọ́. Mo sáré ṣí kọ̀ǹpútà… mo kọ ìlà kan yẹn, àwòrán padà sáyè ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo wá gbé ìkéde jáde lórúkọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má bínú, update ló fà á.

Mo rò pé Àlhájà á wá bú mi. Mo ti múra sílẹ̀, mo ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn. Sunday tó tẹ̀ lé e, ó dìde láàárín àṣàlátù, ó rìn wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀, gèlè ẹ̀ ń já bọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín nítorí Màmá yín, Ọlọ́run ló dá a padà fún mi." Gbogbo wọn ń kígbe Allāhu Akbar. Ààfáà fi ṣe wáàsí lójú ẹsẹ̀. Ọlọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló jókòó nídìí kọ̀ǹpútà mi ni? Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ní mo ti dárí jì í. Mo fà á dìde, mo dì mọ́ ọn, inú sì tún ń bí mi sí i, torí ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń retí láti ọdún tó kọjá, nígbà tó máa dé, mi ò lè fi ọkàn kan gbà á. Kí ló dé tí kò bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀?

Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà, mo mọ̀. Gbogbo àárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló ń pè mí báyìí pé kí n ṣàdúà fún ìyá òun, torí pé èmi ni òun ṣẹ̀. Màá ṣe é, òun á ní àmín. Ní ọjọ́ Wednesday yìí ló ń lọ sí Ìwó. Ìyá ẹ̀ ti gbọ́ gbogbo ohun tó sọ sí mi, ó sì gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ òun ló dá òun dùbúlẹ̀. Ni Àlhájà bá ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, kí n fẹnu ara mi sọ pé mo ti dárí jì wọ́n, kí ọkàn ìyá náà lè balẹ̀. Mo ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí mo bá sọ òótọ́, ẹgbẹ́ á lé mi, ọkọ mi á mọ̀ pé mo purọ́ fún òun, opó bàbá yẹn náà á gbọ́. Ẹ má sọ fún mi pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run o, mò ń ṣe ìyẹn. Ẹ má sì sọ pé kí n fẹ́ràn Àlhájà, mi ò lè ṣe é. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀ mí rí ni mò ń bi yín léèrè ẹ̀, ìyá tó ń dá ọmọ ẹ̀ lẹ́bi lórí ohun tí èmi ṣe. Ọ̀la ni Àlhájà ń retí ohùn mi… ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ìyá náà?