Ohùn Ìyá Sikirath Nínú Kọ̀ǹpútà Tonton Nafiou

                                        Ṣọ́ọ̀bù Tonton Nafiou,
                                        Ẹ̀bá ọ̀nà Parakou,
                                        Tchaourou.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, 2024.

Sikirath, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ooru Àjàṣẹ́ ò tíì bó yín láwọ̀? Ara tiwa le níbí, a dúpẹ́. Àsìkò kájú la wà, gbogbo ilé ti sá lọ sóko, eruku nìkan ló ń bá wa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé ohùn ìyá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, lo ń retí fún àdúrà ọdún ikú wọn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù.

O rántí pé ọ̀dọ̀ Tonton Nafiou, ọ̀gá mi, ni wọ́n ti wá ki oríkì ilé yín tí a gbà á sílẹ̀. O sì mọ ọ̀gá mi. Kì í sọ iṣẹ́ kankan lórúkọ kó fi í pamọ́ nínú kọ̀ǹpútà títí ẹni tó ni ín yóò fi wá gbà á. Ó ní a kì í sọmọ lórúkọ lẹ́yìn bàbá rẹ̀, á sì fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ̀rọ á bá a tọ́jú iṣẹ́ náà sáàárín àwọn fáìlì ìgbà díẹ̀. Bí iná bá dé, á bi í bóyá kí òun gbé e padà, á ní kó gbé e padà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ yìí.

Àmọ́ àwọn fáìlì yẹn kì í tán. Ètò kọ̀ǹpútà tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ a máa gbálẹ̀ ara rẹ̀. Èyí tí iná bá kú mọ́ lójú á sá fi pàǹtírí sílẹ̀, bí ẹni tí òjò lé nídìí iṣu tó ń bó. Iná Tchaourou, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà kún dẹ́nu, kò gba nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá mi rò pé gbogbo àwọn tó ni iṣẹ́ ti gba tiwọn, ó ní kí n kó pàǹtírí náà dànù kí òun tó ti mọ́sálásí dé. Mo kó o. Kí n má purọ́, ó tù mí lára. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ kọ̀ láti pa rẹ́, ó ní ètò kan ṣì ń lò ó. Mo fẹ́ ti ètò náà pa ni Tonton já wọlé, ó ti rántí lọ́nà.

“Attention, Habibath! Má fọwọ́ kàn án o! Ohùn ìyá Sikirath wà ńbẹ̀ quoi!”

Ètò tó ń gba ohùn a máa gé e sí wẹ́wẹ́, mo sì ti pa wẹ́wẹ́ yẹn rẹ́. Oríkì náà ti lọ, Sikirath. A wá a títí, a ò rí i. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀gá mi ò bú mi, kò sì bú ara rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù nínú ẹyọ kan tí ẹ̀rọ kọ̀ láti pa rẹ́ yẹn, níbi tí ìyá rẹ ò tíì mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ń gba ohùn. Ó wà nínú clé USB tí mo fi sínú àpò ìwé yìí. Wọ́n wúkọ́, wọ́n wá ní:

“Nafiou, ṣé Sikirath á gbọ́ oríkì yìí ní Àjàṣẹ́? Bá mi sọ fún un pé mi ò bínú pé kò wá ṣọdún nílé. Ọ̀nà ló jìn. Mo ti ṣàdúrà fún un kí n tó jáde.”

Oríkì, àbúrò wọn tó wà ní Goro ṣì lè kì í fún wa. Èyí, ìyá rẹ nìkan ló lè sọ ọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí. Tonton ń tọrọ àforíjì, ojú ń tì í láti kọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ,
Habibath