Ọmọ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n

Ajé, 4 oṣù kẹta
Wọ́n dá àbúrò mi dúró sílé ìwòsàn wa láàárọ̀ yìí. Ẹlẹ́rìn-ín mi. Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré — ó ti ń rọbí. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wò ní yàrá àyẹ̀wò nísàlẹ̀ níbí. Tiẹ̀ ló dé tábìlì mi lónìí.

Ìṣẹ́gun, 5
Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yóò fi tètè gbó. Òmíràn, kí inú tó ń le lè dẹ̀. Họ́mónù kan wà tó máa ń pa ilé ọmọ lẹ́nu mọ́. Tóṣù bá pé, ipá rẹ̀ á rọlẹ̀, ilé ọmọ á jí. Tàbúrò mi ti jí báyìí.

Ọjọ́rú, 6
Inú dẹ̀. Ó jẹun. Ó ní ọkọ òun tó jẹ́ télọ̀ ò parí aṣọ oníbàárà kankan lọ́jọ́ tó dá rí, ta wá ni ọmọ oníkánjú yìí jọ? A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ibà. Èmi ni mo ka èsì ẹ̀jẹ̀ ọ̀sán. Kòkòrò ti wọ awọ tó bo ọmọ. Àwọn ọmọ ogun ara ti rí i, wọ́n ń ránṣẹ́ síra wọn — iṣẹ́ yẹn náà ni ilé ọmọ gbọ́, tó rò pé àkókò ti tó. Mo sáré gbé ìwé gòkè. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní a ò lè dá ìrọbí náà dúró mọ́. Bí a bá ní ká dá a dúró, ìyá náà lè bá ọmọ lọ.

Ẹtì, 8
Ọkùnrin. Ó mí fún wákàtí mẹ́sàn-án.

Àbámẹ́ta, 9
N ò lè kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo lọ kí i nílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn tó wá kí wọn pé garawa omi tí àbúrò mi ń gbé ló fà á. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú mà, kì í ṣe omi. Mo wọ yàrá, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: kòkòrò tí kò sẹ́ni tó pè é, àwọn ọmọ ogun ara tó jà kí ó má bàa kú, iṣẹ́ tí wọ́n rán. Mo rò pé ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́.

Ó yíjú sí mi.

“Àǹtí mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ara èmi gan-an ló wá lé e jáde?”

Mo ní rárá. Kíá ni mo sọ ọ́, ó ti yá jù. Ó wojú mi títí, ó wá ní ẹ ṣeun, bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.