Oníbòjú Ti Forí Lé Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Ìyàwó Rẹ

Zélie ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, má parí ohun tó ò ń rán, jáde kúrò nínú ilé orin tó o ti ń ṣiṣẹ́ yẹn. Má gba àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀ o. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó fi ìbòjú bojú. Mo rí i lánàá pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ ló wà.

Wò ó, mi ò tiẹ̀ kí ẹ. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Kí Màríà Wúńdíá fi aṣọ rẹ̀ bò ẹ́. Bàbá ẹ wà, ẹlẹ́dẹ̀ ń sanra, àsálà ti jábọ́ tán, ọwọ́ mi sì dúdú bíi ti ẹni tó ń ta èédú. Ó tó. Jẹ́ kí n padà síbi ẹ̀rù mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá kan gbé sinimá dé sórí kẹ̀kẹ́ ìbaaka, Honorine tó ni ilé ọtí sì fún un ní àká rẹ̀. Wọ́n ń wá aṣọ funfun tí àwòrán máa bọ́ sí, èkúté ti jẹ ti Honorine. Ẹnu mi yìí ló kó bá mi. Mo ní èyí tó wà nínú àpótí ẹrù ìyàwó ọmọ mi funfun ju aṣọ Fádà lọ, pé ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí igun rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Bàbá ẹ ta mí nípàá lábẹ́ tábìlì, mo rò pé ajá ni. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í fara kan aṣọ yẹn ṣáájú ọjọ́ ìgbéyàwó, pé ọkùnrin tó bá kọ́kọ́ forí lé e ni ọkọ. Ológbò ló kọ́kọ́ sùn lórí tèmi, ìyá mi nà mí fún un, o ò sì rí i, ẹni tí mo fẹ́, kò sí ibi tí oòrùn bá ti ràn tí kì í sùn.

Lánàá, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán Sunday, wọ́n fi àpò dí fèrèsé àká, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, èmi sì jókòó níwájú pátápátá, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tó ni aṣọ. Ilé orin ńlá kan jáde, tó ní àtẹ̀gùn bí èyí tó o sọ fún mi. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kọrin. Ohùn ọkùnrin kan ló ń kọ́ ọ lórin láti inú ògiri, kò sẹ́ni tó ń rí olóhùn. Èmi náà ò gbọ́ ọ o, àwòrán lásán ni, onísinimá ló ń ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sókè fún àwa tá a bá ìwé jà.

Ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé pé àpótí kan wà ní yàrá ìránṣọ yín, pé ọkùnrin kan ń kọrin nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, pé o ti kọ́ méjì nínú orin rẹ̀, àti pé o ò ní lè wálé fún ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́. Olùkọ́ ilé ìwé abúlé wa ní rédíò ni, pé ọkùnrin náà jìnnà sí yín, kò tiẹ̀ mọ̀ yín. Mo ní bẹ́ẹ̀ náà ni ti inú sinimá ṣe bẹ̀rẹ̀.

Olóhùn yẹn fara hàn, ó fi ìbòjú bojú, ó mú ọmọbìnrin náà gba àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀, ọmọbìnrin náà bá ṣí ìbòjú kúrò lójú ọkùnrin náà. Zélie, èmi kọ́ ni mo máa sá fún ojú ènìyàn. Láti ìgbà ogun, àwọn tí ojú wọn ò pé wà lọ́jà wa, mò ń ta ẹyin fún wọn, mo sì ń béèrè ìyá wọn. Àmọ́ eléyìí fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé aṣọ rẹ, ẹ̀gbẹ́ orúkọ tó o kọ síbẹ̀ gan-an. Ó forí lé e.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fa aṣọ náà ya kúrò lára ìṣó, mo ká a mọ́ra, mo ní kò ní fẹ́ ẹ. Gbogbo àká pariwo. Mo rò pé wọ́n ń kí mi kú akin ni. Àfi bí àwọn ọmọdé ṣe ń ké pé ó ti wà lẹ́yìn ìyá Zélie, ó ti wà lẹ́yìn ìyá Zélie. Mo yíjú padà, àwòrán rẹ̀ bọ́ sí mi láyà. Mo sá lọ sápá ọ̀tún, orí mi ló wà. Honorine rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ ẹyin. Onísinimá ní kí màdáàmù jọ̀ọ́ padà wá lọ́la, pé mo ṣeré ju obìnrin inú rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní ìtàn lásán ni. Mo wádìí. Onísinimá ní wọ́n bí ọkùnrin náà pẹ̀lú ojú yẹn ni, èrò ìlú ló sì pa á. Honorine rí i tí wọ́n fi ṣeré orí ìtàgé nígbà tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Clermont, ó ní iná ló jó o lójú, odò ló sì kú sí. Olùkọ́ kà á nínú ìwé, ó ní ìbànújẹ́ ló pa á. Mo ní ẹ ò rí i pé òótọ́ ni? Àwọn tó bá ń parọ́ máa ń fẹnu kò. Bàbá ẹ ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo sọ ọjọ́ orí mi fún Fádà ní ọgbọ̀n, tí mo sọ fún Honorine ní méjìdínlọ́gbọ̀n, òótọ́ ni méjèèjì.

Mo ti fi eérú fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wà lórí ọgbà, mo jókòó tì í bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Àmọ́ ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ká rí òun ni?

Má fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí, kódà ti iyọ̀ tá a fẹ́ fi sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Fi í wọ ọkọ̀ ojú irin. Tórí mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olùkọ́, Honorine, onísinimá, pé níbo ni ìyá ọmọbìnrin inú sinimá yẹn wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó rántí fi ìyá sí i. Èmi ò ní ohùn tó dùn, Zélie, mi ò lè gba inú ògiri bá ẹ sọ̀rọ̀, ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ. Olúwa á mú ẹ gúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Mo mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín mi báyìí. Rín in nínú ọkọ̀ ojú irin. Jọ̀ọ́, máa bọ̀.

Èmi ìyá rẹ, Adrienne