Àdírẹ́sì Màmá Rẹ Kò Gbọdọ̀ Bọ́ Sọ́wọ́ Ẹlòmíì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú làálàá. Àdúrà mi ni pé kí ibi tí o ń sùn tù ọ́ lára, kí àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sì fẹ́ràn rẹ. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún ọ̀tún. Àga màmá rẹ kán lẹ́sẹ̀, mo ti kàn án, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n sọ lórí rédíò pé àdírẹ́sì tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń pín fún fóònù àti kọ̀ǹpútà ti fẹ́ tán, pé àwọn onímọ̀ tilẹ̀ ti ṣírò ọdún tí yóò tán. Bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ péré ni wọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀. Mo bi ara mi pé ṣé àwọn ọ̀mọ̀wé yìí kò mọ̀ pé àwọn èèyàn á ṣì máa bímọ ni. Mo lọ bi atúnfóònùṣe àdúgbò wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, èyí tí ẹnikẹ́ni ò bá lò, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣáájì fóònù màmá rẹ ní àràárọ̀. Orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo gbé e sí, níbi tí òun náà máa ń gbé e sí. Tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá fi tèmi pè é, kí àwọn tó ń pín àdírẹ́sì lè rí i pé èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Á máa dún nínú yàrá, èmi á jókòó ní pálọ̀, màá máa gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mò ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó dún. Kì í ṣe èmi ni mo pè é. Kí orúnkún yìí tó gbé mi débẹ̀, ó ti dákẹ́. Orúkọ rẹ ni mo bá lójú rẹ̀. Mo wo fóònù tèmi, o kò pe ìyẹn. Inú ò bí mi. Ọdún kan àti oṣù méjì rèé tí a ti sin màmá rẹ, mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ṣì ń pè é.

Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, bá mi wo ìwé àwọn tó ń pín àdírẹ́sì bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹnì kan yẹra kí àyè lè gba àwọn ọmọ tuntun, kí wọ́n mú tèmi, kò sẹ́ni tó ń wá mi débẹ̀. Kí o sì fi owó bátìrì ránṣẹ́, ti fóònù rẹ̀ kì í gba iná dúró mọ́.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Tí o bá tún pè é, má tètè gé e. Jẹ́ kó dún títí. Mò ń bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.