Ìka Tó Wọn Ihò Fèrè

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín ò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà ní obìnrin kan ní Joju ni.

Bàbá mi ló ń gbẹ́ fèrè onígi fún gbogbo Ọ̀tà láyé ọjọ́un. Bàbá ò ríran mọ́ báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, ó sì sá lọ sí ilé iṣẹ́ ike ní Sango. Èmi tí mò ń gbá èérún igi nídìí wọn, tí mò ń yọ́ wọn wò, èmi ni mo wá ń gbẹ́ ẹ. Tí àwọn tó ń wá fèrè bíi ti àtijọ́ bá dé, àbúrò mi á yọjú láti Sango, á ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Ìka ẹni tó gbẹ́ fèrè la fi ń wọn ihò rẹ̀. Ní Sátidé, Bàbá fọwọ́ kan ihò fèrè kan tí mo gbẹ́ níwájú àlejò, wọ́n sì tún un fọwọ́ wọ̀n. Mo ní òní ni wọn á dárúkọ mi. Ìgbà tí àlejò lọ tán ni wọ́n tó pè mí.

"Ìka tìẹ nìyí. Ó dára gan-an. Láti òní lọ, ìka àbúrò rẹ ni kí o máa fi wọ̀n ọ́n, kí aráyé má baà mọ̀."

Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi na ọwọ́ sí mi pé kí n wá wọn ìka òun. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n wọ̀n ọ́n ni, àbí kí n dá ọ̀bẹ Bàbá padà, kí fèrè tán nílé wa?