Ìtànṣán Yẹn Yà

Lauscha,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì, 1897.

Ottilie, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ìdí iná tí mo fi ń fẹ́ gíláàsì. Kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí òtútù Zürich má sì wọ̀ ọ́ láyà. Ara èmi le, àfi àtàǹpàkò mi tó jóná díẹ̀.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Amrhein gbé ìgò tí mo ṣe fún ọ síwájú kíláàsì, ó so bátìrì mọ́ irin pẹlẹbẹ méjèèjì inú rẹ̀, ìtànṣán tó ń gba àárín wọn kọjá ò sì yà sókè tàbí sísàlẹ̀ bí o ṣe sọ pé yóò yà. Ó ní, "Ọmọbìnrin, ìmọ́lẹ̀ lásán lèyí. Ta ló sọ fún ọ pé iná mànàmáná ń fa ìmọ́lẹ̀? Padà lọ bá ìyá rẹ!" Wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ìwọ náà sì ní o ń bọ̀ nílé wá máa kun bọ́ọ̀lù Kérésìmesì, àwọn gíláàsì róbótó tí à ń fẹ́ níbí fún ara igi Kérésìmesì.

Bọ́ọ̀lù Kérésìmesì kẹ̀! Inú bí mi débi pé ọbẹ̀ jóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Bàbá mi kọ́ mi pé bí a bá ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò, ìgbà tí àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ bá rẹwà jù ni ká dí i. Gbogbo wa níbí là ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹwà ni oníbàárà ń rà. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ló ń tàn búlúù. Bí ìtànṣán bá ti ń gbá a, òun náà á gba iná mànàmáná sára, á ṣùrù bo irin méjèèjì, agbára wọn ò sì ní dé ara ìtànṣán mọ́.

Mo ṣe ìgò mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tí mo ń fi iná ra á lára kí èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì lè jáde. Traugott aládùúgbò wa yọjú, ó ní, "Ìyá Ottilie, ṣé kò sí o? Búlúù ti lọ tán, ẹ ti ba ìgò jẹ́!" Mo ní, "Traugott, pa ẹnu dé. Afẹ́fẹ́ ni mò ń lé jáde, o tún ń fẹ́ òmíràn wọlé."

Tíṣà Zitzmann yá mi ní bátìrì. Àmì aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà ní ìdí ìgò, níbi tí ìtànṣán ti ń kan gíláàsì. Mo so wáyà, àmì náà gòkè. Mo pààrọ̀ wáyà, ó sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo ṣe é. Tíṣà ṣí fìlà, èmi sì sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Nítorí náà, má wá sílé. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Gbé ìgò tuntun tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí lọ síwájú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Má ṣàlàyé, má bẹ̀bẹ̀. Pààrọ̀ wáyà, kí wọ́n máa wò.

Ọlọ́run á dúró tì ọ́ níbi tí wọ́n ti dójú tì ọ́. Ojú ò ní tì ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò gbà,
Ernestine.

Mo tún rántí: bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá bèèrè ibi tí búlúù tó rẹwà yẹn wà, sọ fún un pé ìyá rẹ ló yọ ọ́.