Òkun Kọ́ Ló Pa Jákup

Kambsvík,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà.

Bárður ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti etí òkun wa títí dé Esbjerg ní Denmark lọ́hùn-ún. Mo gbà pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ, pé o sì ń jẹun gidi. Bàbá rẹ wà lórí òkè, ó ń rẹ́ irun àgùntàn, ó ní kí n kí ọ. Ìwé ni mo kọ nítorí bí mo bá pè ọ́, "Màmá, gbogbo ẹ̀ dáa" lo máa sọ, wàá sì pa fóònù. Ìwé ò ní bọ́tìnì tí o máa fi pa á. Jókòó kà á.

Àbúrò rẹ Rannvá dákú lóṣù tó kọjá. Àwọn obìnrin abúlé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́yìn ìgbáradì fún ìdíje ìtukọ̀ ti ọdún Ólavsøka ní ìparí oṣù keje ni. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ló bá ṣubú gbì. Kí a tó débẹ̀ ó ti lajú, ó ní, "Kí lẹ ń wò mí bí ẹja tí ìgbì gbé jù sílẹ̀? Ebi ló ń pa mí." Ebi wo? Ọmọ tó jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún àwo méjì kó tó jáde! Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà Elspa fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ó ní ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-rín tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, tí kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú ti Rannvá rọ̀ jù, ó ń yọ sẹ́yìn bí ìgbòkun tí atẹ́gùn kún inú ẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i tí wọ́n fi darúgbó láìmọ̀. Àwọn díẹ̀ péré ni ọkàn wọn máa ń ṣì lù, tó sì lè dáwọ́ dúró lójijì. Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa kú lójijì ní kékeré. Mo ní rárá, àbúrò mi Jákup nìkan ló kú ní kékeré, òkun ló sì gbé e. Ó ní àyẹ̀wò kan ṣì kù, àmọ́ ó di oṣù kẹjọ kó tó kàn wá. Inú Rannvá dùn, torí ìdíje á ti parí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn. O mọ bí a ṣe ń ṣe níbí: ẹni tí wọ́n bá ti fa òkú rẹ̀ jáde nínú omi, òkun ló pa á, kò sẹ́ni tó tún ń bèèrè. Bàbá Hanus ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Jákup lọ́jọ́ náà, gbogbo ìgbà ló sì máa ń sọ pé òkun ò mì rárá. Àwọn ará èbúté a ní, "Hanus, ṣé òkun ni ò mì ni, àbí ọtí ló gbé e dúró?" Mo mú ẹran àgùntàn gbígbẹ dání, mo lọ bá a.

Ó wò mí. "Marjun, ṣé ìwọ náà fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín ni?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Nítorí ọmọ mi ni."

Ó ní, "Ó ń fa àwọ̀n, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ló bá dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá já sómi á na ọwọ́ wá nǹkan dì mú. Jákup ò na ọwọ́. Ó ti kú kó tó kan omi."

Ilẹ̀ mọ́, mo pe dókítà, mo ní mo fẹ́ yí ìdáhùn mi padà. Ó ní, "Ẹ mú un wá lónìí. Kó má fọwọ́ kan àjẹ̀ o."

Rannvá bínú: "Ṣé ìtàn bàbá ọ̀mùtí lẹ máa torí ẹ̀ yọ mí nínú ọkọ̀?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá ní Tórshavn. Wọ́n lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn láyà láti máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù tọ̀sán tòru. Nígbà tí dókítà fi bí ọkàn náà ṣe ń ṣì lù hàn wá, kò rẹ́rìn-ín, Rannvá náà ò sì ṣàwàdà mọ́. Wọ́n ti wá fi ẹ̀rọ mìíràn sábẹ́ awọ ara rẹ̀. Bí ọkàn bá fẹ́ dáwọ́ dúró, òun ni yóò ta á jí. Ìjọba ló san owó rẹ̀. Ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá ta gbogbo àgùntàn wa, mi ò sì ní wẹ̀yìn. Ó sunkún nítorí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè láti sun ún.

Wọ́n yẹ èmi náà wò. Ilẹ̀kùn tèmi ń yọ díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi ń lù dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé àìsàn náà lè ti ọ̀dọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìwọ lo máa ń sọ pé àyà rẹ ń já bí o bá gun òkè, tí o ní kọfí ni. Ọkọ̀ ìpẹja tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ sí Greenland á ṣí níbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Mi ò ní kí o má lọ, owó gidi ni. Ṣùgbọ́n kí ọkàn rẹ kọ́kọ́ dé iwájú dókítà. Bí ó bá bèèrè ẹbí, dárúkọ Jákup fún un. Má dárúkọ òkun.

Kí Ọlọ́run tó mọ iye ìgbà tí ọkàn rẹ ń lù lójúmọ́ má ṣe jẹ́ kó ṣìnà. Kí o lọ ire, kí o bọ̀ ire, kí ojú wa tún ríra lórí tábìlì kan náà.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń rò ọ́,
Marjun

Mo tún rántí: Rannvá ní kí n sọ fún ọ pé kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, torí ó mọ̀ pé ojo ni ọ́. Nǹkan tútù kan báyìí ni wọ́n máa fi pa ọ́ láyà. Mo ti bá ọ gba àyè sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Esbjerg níbẹ̀: ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá yọjú á san owó ìtanràn, mo sì ti sọ fún wọn pé ọmọ mi kì í fi owó ṣòfò.